Àmúlò Ìgbà Òjò àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn fún Kíkọ́ni ní Sáyẹ́ǹsì Àfọwọ́ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lè sọ ìyípadà ìgbà nínú ọdún di irinṣẹ́ ìkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ náà ṣàlàyé ohun tí sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe jẹ́, ó sì ṣe àgbéyẹ̀wò bí ojú-ọjọ́ ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá láti oṣù dé oṣù. Ó mú àwọn iṣẹ́ àṣedánwò kan kalẹ̀ tí kò ná ilé-ẹ̀kọ́ ní owó púpọ̀, ó sì fi hàn pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀kọ́ tí ó bá a mu. Bákan náà ni ó yẹ ipò èdè Yorùbá wò nínú irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbà pé àìsí yàrá ìṣàyẹ̀wò kò tó ohun tí ó yẹ kí ó sọ sáyẹ́ǹsì di àkọ́sórí lásán.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí òwe yìí ti wúlò tó nínú ẹjọ́ dídá àti ìtàn sísọ, bẹ́ẹ̀ ni ó wúlò nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọdé tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ìgbín ṣe jí nínú ìkarawun lẹ́yìn tí omi kàn án kì í tètè gbàgbé ohun tí ó rí. Èyí tí a kàn kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó fún, tí ó sì dà á kọ, lè ka ọ̀rọ̀ náà lórí ní ọjọ́ ìdánwò láìmọ ohun tí ó ń tọ́ka sí.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Olùkọ́ a máa kọ́ àwọn ọmọ pé omi a máa di oru ní oṣù kẹfà, nígbà tí aṣọ tí ìyá wọn sá sí ẹ̀yìnkùlé kò gbẹ láti àárọ̀ di alẹ́. A sì tún máa kọ́ wọn ní ìdàgbàsókè ọ̀pọ̀lọ́ ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí kò sí adágún omi kankan ní àdúgbò tí wọ́n ti lè rí ẹyin rẹ̀. Ìwé ni ó ń darí irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Ojú-ọjọ́ kò sí nínú ètò rẹ̀. Ohun tí ó sì ń ti ibẹ̀ yọ ni pé ọmọ a máa rò pé sáyẹ́ǹsì jẹ́ nǹkan tí ó wà nínú ìwé àwọn òyìnbó, pé kò kan àgbàlá bàbá òun.

Bẹ́ẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀wé tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń fi ìgbà kọ́ ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ mọ òjò àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí òjò àrọ̀kúrò. Ó mọ ewé tí í wọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ewé tí kì í wọ́. Babs Fafunwa, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó jáde ní 1974, ka ìdàgbàsókè ọgbọ́n orí àti kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ àfojúsùn méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ní. Èyí fi hàn pé ojú, ọwọ́ àti ọpọlọ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni nínú ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń pè fún kò ju pé kí ilé-ẹ̀kọ́ gba ogún yìí padà, kí ó sì fi ìwọ̀n, àkọsílẹ̀ àti ìdánwò kún un.

Kí ni Sáyẹ́ǹsì Àfọwọ́ṣe?

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ hàn láàrin fífi nǹkan han ọmọ àti jíjẹ́ kí ọmọ ṣe nǹkan. Bí olùkọ́ bá gbé ìgbín sókè níwájú kíláàsì, tí àwọn ọmọ 50 sì ń wò ó láti orí ìjókòó, àfihàn ni èyí. Kò tíì di àfọwọ́ṣe. Sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe ni èyí tí ọmọ fi ọwọ́ kan nǹkan, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó yí ohun kan padà nínú rẹ̀, tí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Èkíní ni ìwòye: ọmọ rí nǹkan. Èkejì ni ìbéèrè: kí ló fà á? Ẹ̀kẹta ni àbá: ọmọ sọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó rí i. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń mú kí ọmọ ní ìpín nínú àbájáde. Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò, níbi tí ohun kan ṣoṣo ti gbọdọ̀ yàtọ̀, tí gbogbo ìyókù sì dọ́gba. Ẹ̀karùn-ún ni àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹfà sì ni àlàyé, tí àwọn ọmọ yóò fi ẹnu ara wọn ṣe kí olùkọ́ tó tún un ṣe.

Èrò yìí bá ti àwọn onímọ̀ mu. John Dewey, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1938 pé inú ìrírí ni ẹ̀kọ́ ti ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrírí ni ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ni yóò ṣètò rẹ̀. Jean Piaget ní tirẹ̀ fi hàn pé ọmọ tí ó wà láàrin nǹkan bí ọdún 7 sí 11 máa ń ronú dáadáa lórí ohun tí ó ṣeé fojú rí, tí ó sì ṣeé fọwọ́ bà, ju ohun tí a kàn ń fi ẹnu ṣàpèjúwe lọ. Ọjọ́ orí yìí gan-an ni ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ètò African Primary Science Programme tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, tí Nàìjíríà sì kópa nínú rẹ̀, gbé ìkọ́ni ka orí ohun tí ó wà ní àyíká ọmọ.

Ìgbà àti Ojú-Ọjọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìjà afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń fa ìgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù, ó kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá-ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì kó eruku dání. Bí ti òkun bá borí, òjò dé. Bí ti aṣálẹ̀ bá borí, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa pọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ọyẹ́ a máa mú láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì. Ní apá àríwá, bí i Òkè-Ògùn àti agbègbè Ìlọrin, ìgbà òjò kúrú díẹ̀ ju ti apá etíkun lọ. Èyí ni ó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ kàlẹ́ńdà àdúgbò tirẹ̀, kí ó má gbójú lé ti ìlú mìíràn.

Bí a bá fi èyí wé sáà ẹ̀kọ́, ètò ìkọ́ni lè rí báyìí:

Sáà kìn-ín-ní (oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá): ìparí òjò, dídé lékeléke, ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́.

Sáà kejì (oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹrin): ọyẹ́, eruku, oru omi, igi tí ń wọ́wé, òjò àkọ́rọ̀.

Sáà kẹta (oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún sí ìkeje): èsùnsùn, ìgbín, irúgbìn, wíwọn òjò, tanwíji.

Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ọyẹ́ àti Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ka ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà tí kò sí ohun tí ọmọ lè wò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ó dára jù láti kọ́ wọn bí omi ṣe ń di oru.

Ẹ jẹ́ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ láti orí àmù. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìkòkò amọ̀ kan tí kò ní ọ̀dà lára àti ike kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Kí wọ́n bu omi kan náà sínú méjèèjì, kí wọ́n sì gbé wọn sí abẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀: èwo ni yóò tutù jù ní ọ̀la? Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti ọwọ́ bọ méjèèjì, tàbí tí wọ́n bá fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, wọn yóò rí i pé omi inú ìkòkò tutù ju ti inú ike lọ, ó sì ti dín díẹ̀. Ìdí ni pé amọ̀ ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú kò rí. Omi ń gba inú wọn jáde sí ara ìkòkò, ó ń di oru, oru náà sì ń gbé ooru kúrò lára omi tí ó kù. Ike kò ní ihò, nítorí náà kò sí ibi tí omi yóò gbà jáde.

Ìdánwò yìí ní ìtàn tí ó yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa tí ó wá láti ìdílé amọ̀kòkò, lo ìmọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1990. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tí a rin lómi há àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Ìkàn tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ kí ó tó bàjẹ́ lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 fún iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé inú àmù ìyá àgbà ni sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé yẹ́ sí ti wá.

Ibi tí ìgbà ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí kíláàsì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tún ìdánwò kan náà ṣe ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Omi inú ìkòkò kò ní tutù tó ti ìgbà ọyẹ́. Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti kún fún ọ̀rinrin, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè gba òmíràn mọ́. Omi ń di oru díẹ̀díẹ̀, ooru kò sì tètè kúrò. Ìkòkò kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni omi kò yí padà. Afẹ́fẹ́ ni ó yí padà. Kò sí yàrá ìṣàyẹ̀wò tí ó lè ra irú irinṣẹ́ báyìí. Ọdún ni ó ń fi í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ mìíràn fún ìgbà ọyẹ́ ni ti eruku. Kí àwọn ọmọ fi ìpara díẹ̀ kun pépà funfun, kí wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣe èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò rí ọ̀sẹ̀ tí eruku pọ̀ jù. Olùkọ́ yóò wá sọ fún wọn pé púpọ̀ nínú eruku náà rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn láti aṣálẹ̀, títí kan àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ìgbà náà ni wọn yóò lè béèrè ìdí tí ètè fi ń sán, tí àwọn àgbà fi ń kun òrí tàbí àdí ní àsìkò yìí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi jáde lára awọ. Ọ̀rá a máa dí i lọ́nà.

Lékeléke náà kò ṣeé gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìparí òjò sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹyẹ yìí máa ń pọ̀. Kí kíláàsì kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i sílẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ mọ orin tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fún wọn ní èékánná funfun. Kò yẹ kí olùkọ́ fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu-ọ̀nà ẹ̀kọ́ ni. Kí ọmọ tí ó ní àmì funfun ní èékánná wọn bí ó ti jìnnà tó sí ìdí èékánná, kí ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Yóò rí i pé àmì náà ti sún síwájú ní nǹkan bíi mìlímítà 3, nítorí pé èékánná ń dàgbà. Àmì náà sábà máa ń wá láti inú ìpalára kékeré tí ó kan ìdí èékánná. Orin kò bàjẹ́, ìmọ̀ sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ Òjò Àkọ́rọ̀

Òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ a máa jí ilẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà tàbí ìkejì rẹ̀ ni èsùnsùn máa ń tú jáde. Nítorí pé alẹ́ ni, iṣẹ́ àmúrelé ni èyí yóò jẹ́: kí ọmọ gbé abọ́ omi sí abẹ́ iná, kí ó mú díẹ̀ wá sí kíláàsì, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé èsùnsùn máa ń jáde. Ní kíláàsì, wọn yóò ka ìyẹ́ rẹ̀: mẹ́rin ni, wọ́n sì dọ́gba ní gígùn. Wọn yóò fi í wé èèrà: ìbàdí èèrà há, ti èsùnsùn kò há. Èyí yóò fi hàn wọ́n pé ikán ni èsùnsùn, kì í ṣe èèrà. Akọ àti abo ikán tí wọ́n jáde láti lọ dá ilé tuntun sílẹ̀ ni. Kí ló dé tí wọ́n fi dúró de òjò? Ilẹ̀ ti rọ̀ tó láti wà, afẹ́fẹ́ sì ní ọ̀rinrin tó tí ara wọn kò fi ní tètè gbẹ.

Ìgbín pẹ̀lú lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín a máa wọ inú ìkarawun rẹ̀, a sì máa fi ìbòrí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Kí kíláàsì fi méjì irú rẹ̀ sínú àpótí erùpẹ̀, kí wọ́n bu omi wọ́n ọ̀kan, kí wọ́n má bu omi wọ́n èkejì, kí wọ́n sì ka iye wákàtí tí ó gba èyí tí omi kàn kí ó tó yọ orí. Ìkìlọ̀ kan wà: gbogbo ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan ìgbín gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí ìgbín lè gbé kòkòrò àìsàn.

Iṣẹ́ kẹta ni ti àgbàdo, ọ̀rọ̀ ilé àti oko sì pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ ewu òjò tí ó tètè rọ̀, tí ó sì tún dáwọ́ dúró. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbin àgbàdo márùn-ún márùn-ún sínú agolo mẹ́ta. Kí wọ́n máa bomi rin agolo kìn-ín-ní lójoojúmọ́. Kí wọ́n bomi rin ìkejì fún ọjọ́ 5 péré, kí wọ́n sì dá a dúró. Kí wọ́n má bomi rin ìkẹta rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín. Èyí tí ó wà nínú agolo kejì yóò hù, yóò sì rọ; èyí tí ó wà nínú ìkẹta sábà máa ń hù lẹ́yìn tí ó rí omi. Ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ń wo ojú ọ̀run kí ó tó ná owó sí irúgbìn, àti ìdí tí Àjọ Ojú-Ọjọ́ Nàìjíríà (NiMet) fi ń kéde àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà lọ́dọọdún.

Ẹ̀kọ́ Àárín Òjò

Iṣẹ́ tí ó tayọ ní àárín òjò ni wíwọn òjò. Agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà ni wọn yóò lò pẹ̀lú rúlà. Kí wọ́n gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí òrùlé àti igi, kí wọ́n fi òkúta tì í kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ní agogo 9 àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ó kàn wọn omi inú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù.

Ìṣirò wọ inú rẹ̀ kíá. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òró jẹ́ lítà omi 1. Bí òrùlé kíláàsì bá bo ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6, tí òjò mìlímítà 20 sì rọ̀, omi tí ó dà sórí òrùlé náà jẹ́ lítà 1,200, èyí tí yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 ní ọ̀nà 60. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń ru omi wá láti ilé, ìṣirò yìí lè di ohun tí ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ yóò jókòó lé lórí.

Bí àrá bá ń sán, inú kíláàsì ni àwọn ọmọ yóò wà. Kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí àrá yóò fi dún. Ìró máa ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá 3 dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi kìlómítà 1. Bí òǹkà kò bá tó 30, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde.

Tanwíji ni ìkẹyìn, ó sì kan ẹ̀mí. Kí olùkọ́ bu omi adágún tí tanwíji wà nínú rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ó fi àwọ̀n dè é lẹ́nu dáadáa. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ yóò rí i tí ohun tí ń jùrù nínú omi di ẹ̀fọn tí ó ní ìyẹ́. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn kò sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Lẹ́yìn èyí, kò sí ọmọ tí a ó tún máa bẹ̀ kí ó da omi inú táyà àti agolo àlòkù nù. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kìlọ̀ fún ará ilé. Abo ẹ̀fọn Anopheles ni ó ń gbé àìsàn ibà kiri, ọmọdé sì ni ibà ń pa jù.

Òjìji: Iṣẹ́ tí ó Gba Gbogbo Ọdún

Ọ̀pá tí ó gùn ní mítà 1 tí a rì mọ́lẹ̀ ní òró gangan lè kọ́ ọmọ ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò kíyè sí. Kí kíláàsì máa wọn òjìji rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìgbà tí ó bá kúrú jù. Ohun tí yóò kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé àsìkò náà kì í ṣe agogo 12: ní Ìbàdàn, ó máa ń bọ́ sí àárín agogo 12:25 sí 1:00, nítorí pé aago Nàìjíríà bá oòrùn ibi tí ó wà ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn mu.

Èkejì ni pé òjìji máa ń yí apá padà. Ní Ìbàdàn, ní ìparí oṣù kejìlá, òjìji ọ̀sán yóò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, yóò sì kọrí sí àríwá. Ní ìparí oṣù kẹfà, kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 lọ, gúúsù ni yóò sì kọrí sí. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 tàbí 9 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 3 tàbí 4 oṣù kẹsàn-án, òjìji ọ̀pá náà yóò pòórá pátápátá, nítorí oòrùn yóò wà ní àtàrí gangan. Ìwé tí a kọ fún àwọn ọmọ Yúróòpù kò lè sọ èyí fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ tiwọn. Ọ̀pá kan péré ni ó sọ ọ́.

Ipò Èdè Yorùbá

Ọmọ kò lè dá àbá tàbí kí ó jiyàn lórí ohun tí ó rí bí kò bá ní èdè tí ẹnu rẹ̀ gbà. Èyí ni Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Fafunwa fi hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àjọ NERDC ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, tí Yorùbá wà lára wọn.

Ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlànà Ètò-Ẹ̀kọ́ ti 1977 fi ààyè gba èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé ìlànà ti 2022 náà, ó sì kéde èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni. Ohun tí ó wà nínú ewu báyìí ju èdè lọ. Bí ọmọ bá ń wo tanwíji, tí kò sì lè dárúkọ rẹ̀ ní èdè kankan, ìwòye náà kò ní di ìmọ̀. Olùkọ́ tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà tí ó wà nílẹ̀ ṣì lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Yorùbá jíròrò láàrin ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n kọ orúkọ nǹkan ní èdè méjèèjì sára àtẹ ojú-ọjọ́, kí àkókò iṣẹ́ Yorùbá sì di àkókò tí wọn yóò fi kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n wọ̀n.

Ìṣòro àti Ọ̀nà Àbáyọ

Ìṣòro kìn-ín-ní ni iye ọmọ nínú kíláàsì. Pípín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 5 tàbí 6 ni ọ̀nà àbáyọ, kí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tí ó ń wọ̀n, ẹni tí ó ń kọ, ẹni tí ó ń ròyìn. Ìkejì ni ètò iṣẹ́ tí kò bá ìgbà mu. Olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè jọ tún ètò àwọn àkòrí tò nínú ọdún láìyọ ọ̀kankan kúrò. Ìkẹta ni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ lè má mọ ìdáhùn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ó pe àgbẹ̀, amọ̀kòkò tàbí ọdẹ àdúgbò wá sí kíláàsì.

Ìkẹrin, tí ó sì ṣe kókó jù, ni òtítọ́ nínú àkọsílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbàgbé láti wọn òjò, kí wọ́n kọ ọ́ pé "a kò wọ̀n ọ́n". Kí wọ́n má fi iye tí wọ́n fọkàn rò síbẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀, kí wọ́n kọ òdo, nítorí òdo pẹ̀lú jẹ́ àbájáde. Ọmọ tí ó bá ti kékeré mọ ìyàtọ̀ láàrin òdo àti "a kò wọ̀n ọ́n" ti kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì ti kọ́ ìwà ọmọlúàbí pẹ̀lú.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìgbà ọdún kò yàtọ̀ sí yàrá ìṣàyẹ̀wò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọyẹ́ ń kọ́ni ní oru omi. Òjò àkọ́rọ̀ ń kọ́ni ní ohun abẹ̀mí. Àárín òjò ń kọ́ni ní ìwọ̀n àti ìlera. Òjìji sì ń kọ́ni ní ìrìn ayé yí oòrùn ká. Àmù, agolo, ọ̀pá àti ìwé àkọsílẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi irú iṣẹ́ wọ̀nyí kún ìdánwò ìkọ́ni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń ṣe, kí olùkọ́ ọ̀la ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kí ó tó dé iwájú kíláàsì. Ó sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ òjò rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àwọn ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lónìí yóò bá àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn níbẹ̀, wọn yóò fi tiwọn kún un, wọn yóò sì lè sọ fún àwọn àgbẹ̀ ìlú wọn, pẹ̀lú ẹ̀rí ní ọwọ́, bóyá òjò ń pẹ́ dé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.